Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Ìtàn Ta Lo Ń Gbé Lọ Síwájú Àwọn Dókítà?

Ní ọdún 2007, UCAS, àjọ tó ń gba ìwé ìwọlé fún àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rọ yẹ nǹkan bí 50,000 ìwé wò láti mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ inú wọn jọra jù. Ọmọ 234 ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun jó aṣọ àwọ̀sùn òun lu. Àwọn 370 lo gbólóhùn kan náà nípa bí iṣẹ́ tí ara ènìyàn ń ṣe ṣe ń fa ọkàn wọn mọ́ra. Àwọn 175 mú bàbá àgbà kan tó ti darúgbó tàbí tí ara rẹ̀ kò le wọ inú ìtàn wọn. Àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ méjì jó aṣọ ní ọjọ́ orí kan náà. Kò ṣeé ṣe kí ọmọ 234 jó o. Àròkọ ẹlòmíràn ni wọ́n rí, tí wọ́n sì dà kọ.

Láti ìgbà náà ni UCAS ti ń fi ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé wé àwọn tó ti wà nílẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, àti àwọn àpẹẹrẹ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìjọra bá pọ̀ jù, wọ́n á sọ fún ọmọ náà, wọ́n á sì sọ fún àwọn yunifásítì tó yàn. Ẹ̀rù ẹ̀rọ yìí kò mú kí àdàkọ tán. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ́ àwọn kan láti máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú àdàkọ kí ẹ̀rọ má baà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè dá lẹ́jọ́.

Ó sì kan ilé wa gan-an. Nínú ìdílé Yorùbá púpọ̀, bóyá ní Ìbàdàn ni wọ́n wà o, bóyá ní Peckham tàbí Houston, kí ọmọ di dókítà jẹ́ àdúrà tí ìyá ń gbà láti ìgbà tí ọmọ ti wà nínú ikùn. Ní ìlú òyìnbó, àdúrà náà máa ń kan ìwé tí àwọn ọmọ ń pè ní personal statement, ìwé àlàyé ara-ẹni, níbi tí ọmọ yóò ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, AMCAS, ètò ìwé ìwọlé tí AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀, ń bójú tó, fún un ní àyè tí kò ju 5,300 àmì lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 4,000 ni. Tẹ́lẹ̀, àròkọ kan gbọọrọ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀; láti orí àwọn tó ń wọ yunifásítì ní 2026, wọ́n ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ló dé tí o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ ṣe múra rẹ sílẹ̀ fún un, kí lo sì ti ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tó ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá jókòó síwájú ojú ìwé òfìfo yìí yóò wá àpẹẹrẹ. Èwo ló tọ́ kó mú níbẹ̀, èwo ni kò tọ́?

Ìdájọ́ wa nìyí, a fẹ́ sọ ọ́ kí a tó lọ jìnnà. Kíka àpẹẹrẹ àròkọ kì í ṣe olè jíjà, ó sì dára kí ọmọ kà á. Ohun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ni kó mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó fi sọ ọ́, àti ohun tí ọkàn rẹ̀ rí kọ́ níbẹ̀, ti onítọ̀hún ni. Ẹni tó bá gbé wọn lọ síwájú àwọn tó ń yan dókítà ọ̀la ti parọ́ fún wọn kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan.

A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń sọ fún ọmọ pé kó má ka àpẹẹrẹ rárá, kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn má baà wọ̀ ọ́ lórí. A kò bá wọn lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ti gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn láti kékeré. Bó bá kọ nǹkan, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn yóò bá a kà á. Ọmọ obìnrin tó ń fọ ilé-ìwòsàn kan náà lálẹ́ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tilẹ̀ wà nínú òkùnkùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, máàkì ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn: máàkì JAMB tí kì í ju 400 lọ, máàkì ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn náà, àti èsì WAEC. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ ṣe é. Bí wọ́n bá wá ní kí irú ọmọ yìí má wo àpẹẹrẹ kankan, ìmọ̀ tí àwọn kan ń rí nílé ni wọ́n fi ń dù ú.

Kí wá ni àpẹẹrẹ rere ń kọ́ni? Ó ń fi han ọmọ pé kì í ṣe gbogbo ìwé-ẹ̀rí àti ẹ̀bùn tó ti gbà ni kó tò síbẹ̀, nítorí pé àyè mìíràn wà fún ìyẹn. Ó ń fi han án pé ọ̀rọ̀ kan tí a sọ délẹ̀ sàn ju mẹ́wàá tí a fẹnu bà lọ. Ó ń fi han án pé bí a bá sọ pé a dúró ti aláìsàn, ó yẹ kí a sọ ohun tí a ṣe níbẹ̀, ohun tí a kò lè ṣe, àti ohun tí a ń rò nígbà tí a ń lọ sílé. Ó sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé "mo fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́" kò dáhùn ìbéèrè náà, nítorí nọ́ọ̀sì ń ran ènìyàn lọ́wọ́, olùkọ́ ń ràn án, ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún arúgbó ń ràn án; kí ló dé tó jẹ́ iṣẹ́ dókítà? Kò sí ẹni tó ni ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Ọmọ lè kó wọn lọ láìjẹ gbèsè.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń kini, ẹsẹ̀ ẹni tó ń kini ni yóò jókòó sí. Yóò gbọ́ oríkì Oníkòyí, yóò gbọ́ ti Ọ̀pómúléró, yóò gbọ́ ti Olúfẹ̀. Yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ti orí orúkọ bọ́ sórí ìlú, tí wọ́n ń ti orí ìlú bọ́ sórí ìṣe àwọn baba ńlá, ibi tí ohùn ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń rọlẹ̀. Gbogbo ìyẹn di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó ki ara rẹ̀ lójú agbo, kò lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Oníkòyí bí kì í bá ṣe ọmọ Oníkòyí. Kò sí àgbàlagbà tí yóò sọ pé ó kàn yá ọ̀rọ̀ lò ni. Orírun rẹ̀ ló fi parọ́.

Ibi tó ṣòro kì í ṣe gbólóhùn tí wọ́n dà kọ gẹ́lẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìyẹn kò dára. Ibi tó ṣòro ni ìgbà tí ìtàn méjì bá jọra ní òtítọ́. Ká ní ọmọbìnrin kan wà ní London tó máa ń tẹ̀ lé ìyá àgbà rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn láti bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí Yorùbá nìkan ni màmá gbọ́. Ó ka àpẹẹrẹ kan, ó sì rí i pé ọmọ mìíràn, tí kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá, ti kọ nípa bí òun náà ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìyá àgbà rẹ̀. Ṣé kó pa ìtàn rẹ̀ tì? Rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ irú rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ ní yàrá dókítà, ó dé ibi tí ó ti bẹ̀rù láti sọ ìròyìn búburú fún màmá, ó sì parí rẹ̀ sí pé láti ọjọ́ náà ni òun ti mọ̀ pé ìṣègùn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú. Ọmọbìnrin wa náà bẹ̀rẹ̀ ní yàrá dókítà, ó dé ibi ẹ̀rù, ó parí rẹ̀ síbi kan náà, ó kàn yí ọ̀rọ̀ padà ni. Ẹ̀rọ lè máà rí nǹkan kan. Àwa sọ pé ó ti da ti ẹlòmíràn kọ, nítorí èrò tó fi parí ìwé náà kò ti inú rẹ̀ wá. Bóyá ní òtítọ́, kì í ṣe ẹ̀rù ló bà á lọ́jọ́ náà. Inú ló ń bí i, torí pé dókítà ń wo ojú rẹ̀ dípò ojú màmá. Bóyá ó gé nínú ohun tí dókítà sọ kúrò kí màmá má baà sunkún, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún di òní. Èyí gan-an ni àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ ìbá fẹ́ gbọ́, òun náà ìbá sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó ń wò ló gba ìtàn tirẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Fún ìdí èyí, a dámọ̀ràn pé kí ọmọ kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ ná kó tó ka ti ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àròkọ o, àkọsílẹ̀ lásán, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì: ibi tí mo dúró, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí a sọ, ohun tí mi ò lóye. Lẹ́yìn náà kó ka àpẹẹrẹ, kó kà ju ẹyọ kan lọ, kó sì pa wọ́n dé. Bó bá ń kọ ìwé rẹ̀ gan-an, àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni kó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ṣí àpẹẹrẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń kọ tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì yóò dà á kọ, bí kò tilẹ̀ ní í lọ́kàn.

Ẹnìkan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí wọn kì í sábà rántí, òun ló sì ká wa lára jù. Nínú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tó dára, aláìsàn kan wà. Ènìyàn gidi ni. Ó jẹ ìrora, bóyá ó tilẹ̀ kú, ọ̀dọ́ kan sì jókòó tì í. Bí ẹlòmíràn bá gbé ìtàn náà, tó fi ara rẹ̀ sí orí àga tí kò jókòó sí rí, ikú ẹni ẹlẹ́ni ló fi ń wá ipò. Ìdí abájọ nìyí tí a kò fi lè pe èyí ní àṣìṣe ọmọdé. Ọmọ tó tilẹ̀ ń sọ ìtàn ara rẹ̀ pàápàá ní láti bo aláìsàn rẹ̀ láṣìírí: kó má dárúkọ rẹ̀, kó má sọ ohun tí ará àdúgbò fi lè mọ̀ ọ́n, kó sì rántí pé kì í ṣe nítorí àtiwọlé òun ni ẹni náà ṣe ṣàìsàn.

Ẹ tún wo ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Dókítà tó bá kúrò lẹ́bàá ibùsùn, ìwé ló máa ń kọ: mo rí èyí, mo fọwọ́ kan ibí yìí, mo fún un ní oògùn yìí ní agogo báyìí. Dókítà tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, ìwé yẹn ni yóò gbà gbọ́. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun yẹ ikùn aláìsàn wò, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ènìyàn lè ti ibẹ̀ kú. Ìwé àlàyé ara-ẹni ni ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ kọ fún àwọn oníṣẹ́ yìí pé "mo wà níbẹ̀, ohun tí mo rí nìyí." Ní Amẹ́ríkà, AMCAS ń mú kí ọmọ fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ara òun ni, AAMC sì lè wádìí ẹni tí ìwé rẹ̀ bá mú ìfura wá, kó sì fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ̀wé sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, ka òótọ́ inú mọ́ ohun tí dókítà kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní.

Ní ti àwọn tó ń gbowó láti bá ọmọ kọ ìwé náà látòkèdélẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Iṣẹ́ èké ni. Òbí tó sanwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ti ẹ̀rọ bíi ChatGPT gba àlàyé díẹ̀ sí i. AAMC gbà kí ọmọ lò ó láti fi kó èrò jọ, láti fi wá àṣìṣe, láti fi tún ọ̀rọ̀ tò, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó fi ránṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ní òtítọ́. Tiwa le díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Inú àwọn ohun tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ọmọ bá ní kó bá òun wá ìdí tí òun fi fẹ́ ṣe dókítà, ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ni yóò kó fún un, láìsí orúkọ ẹni tó ni ín. Kó lò ó ní ìgbẹ̀yìn, fún sípẹ́lì àti gírámà. Kó má lò ó níbẹ̀rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ọmọ mọ ohun tí àpẹẹrẹ kì í sọ. Àwọn tó wọlé nìkan ni wọ́n ń tẹ ti wọn jáde. Ní ọdún 2023, ó lé ní 52,000 ènìyàn tó kọ̀wé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó ń fúnni ní oyè MD ní Amẹ́ríkà, àwọn tó wọlé kò sì pé 23,000. Àwọn tó wọlé náà ní máàkì MCAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, wọ́n ní èsì yunifásítì, wọ́n ní lẹ́tà àwọn olùkọ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àròkọ tí a ń kà yìí ló gbé onítọ̀hún wọlé. Ó lè jẹ́ pé láìka àròkọ náà sí ni wọ́n gbà á. Ẹni tó bá ń sin àpẹẹrẹ bí òrìṣà, ohun tí kò mọ agbára rẹ̀ ló ń sìn.

Àpẹẹrẹ tún ń ṣe ohun kan sí àwọn ọmọ wa, ohun náà sì ń dùn wá. Wọ́n máa ń rí i pé ìtàn ìyà Áfíríkà wọ́pọ̀ nínú àwọn tó wọlé: ibà, abúlé, ìyá àgbà tí kò rí dókítà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Maryland, tó dé Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, á wá máa wá ibà tí yóò fi kọ̀wé. Bí ó bá rí nǹkan gidi lọ́jọ́ náà, kó sọ ọ́. Bí kò bá rí i, kò gbọdọ̀ fi ìlú bàbá rẹ̀ ṣe ohun àánú nítorí ipò. Ó lè jẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé ni ìtàn tirẹ̀ wà, tàbí lára àbúrò rẹ̀ tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Ìyẹn pọ̀ tó.

Àṣà ilé wa náà ní ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ní ilé-ìwé girama wa, ọmọ a máa há lẹ́tà sí gómìnà sórí, á há ìtàn tó parí sí òwe sórí, á sì lọ tú u sílẹ̀ nínú ìdánwò WAEC. Àwọn olùkọ́ kan ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àwa òbí sì yìn ín nígbà tí èsì jáde. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu nígbà tó bá dé òkèèrè tó ń béèrè pé èwo ni kí òun há sórí. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí, kí ẹ sì fún wọn ní máàkì fún un, bí gírámà rẹ̀ tilẹ̀ ń mẹ́hẹ.

Ẹni tó bá ń tẹ àpẹẹrẹ jáde, yálà ní ìwé tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Kó kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípa ìdí tí gbólóhùn kan fi ṣiṣẹ́ àti ibi tí àròkọ náà ti kù díẹ̀ káàtó, kí ọmọ lè kọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún láìsí àlàyé kankan, àdàkọ ló ń tà.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn dókítà wa. ANPA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọ Nàìjíríà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1995, àti MANSAG, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ ìwé àlàyé ara-ẹni yìí dáadáa. A ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ tí kò ní dókítà kankan nínú ẹbí. Kí wọ́n má bá ọmọ kọ gbólóhùn kan. Kí wọ́n ka ohun tó kọ, kí wọ́n sì bi í pé: níbo lo dúró sí nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ, kí lo ṣe lẹ́yìn náà? Bí kò bá rí èsì fọ̀, kí wọ́n dá ìwé náà padà fún un, kó lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.